Orúkọ Mọ́kàndínlógún ní Ojúlé Kẹrìnlá

Gorna Yasenka,
9 Oṣù Kọkànlá.

Ognyan, ọmọ mi,

Ṣé òtútù Denmark kò tíì sọ ọ́ di ẹja inú yìnyín? Ara tèmi le. Orúnkún òsì ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, ṣùgbọ́n ó ń gbé mi dé ibi tí mo bá ń lọ, ìyẹn náà tó. Mo ti sun ata pupa ọdún yìí, mo lọ̀ ọ́, mo sì rọ ọ́ sínú ìgò mẹ́rìnlélógún. Aládùúgbò wa òkè tọ́ ọ wò, ó ní ìyá rẹ máa ń fi iyọ̀ sí i ju báyìí lọ. Mo ní kó lọ bá a sọ ọ́ ní itẹ́ òkú.

O ń bi mí pé kí ló dé tí n kì í gbé fóònù mọ́. Màá sọ fún ọ, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti Àǹtí.

Ọ́fíìsì ìrànwọ́ ti ti gbogbo fèrèsé tí àwọn òṣìṣẹ́ máa ń jókòó sí. Ẹ̀rọ kan ni wọ́n gbé sẹ́nu ọ̀nà, ó ga tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, ojú rẹ̀ ń tàn, ohùn obìnrin ló sì fi ń sọ̀rọ̀: "Ẹ káàbọ̀. Ẹ fọwọ́ kan ojú mi." Gbogbo ìlú ló ń pè é ní Àǹtí. Ẹni tó bá fẹ́ igi ìdáná ìgbà òtútù, ẹni tó bá fẹ́ ìwé ọsibítù, ẹni tó bá fẹ́ oúnjẹ ọ̀fẹ́, ọ̀dọ̀ Àǹtí ni gbogbo wọn ń lọ. Àǹtí á béèrè ojúlé rẹ, á béèrè nọ́ńbà fóònù rẹ, á fi nọ́ńbà àṣírí kan ránṣẹ́ sórí fóònù náà, ìwọ á sì tẹ̀ ẹ́ padà sí i lójú. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ níbẹ̀, ó parí nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo lọ síbẹ̀ nítorí igi ìdáná. Koycho ló wà níwájú mi. Ṣé o rántí Koycho? Òun ló máa ń kéde ọkọ̀ ní ibùdókọ̀ rélùwéè, ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ dà bíi ti bíṣọ́ọ̀bù. Wọ́n gba ohùn ẹlòmíì sínú ẹ̀rọ, wọ́n ní kò sí iṣẹ́ fún un mọ́. Ìyàwó rẹ̀ kú, ilé tún lọ. Yàrá ẹrù tí wọ́n pa tì ní ibùdókọ̀ yẹn kan náà ló ń sùn sí báyìí. Ìtọ̀ ṣúgà ń bá a jà. Ìwé ọsibítù ló wá gbà.

Àǹtí ní, "Ẹ tẹ ojúlé yín."

Koycho ní, "N kò ní ojúlé."

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ ojúlé yín."

"Mo ní n kò ní, ìwọ obìnrin yìí!"

"A kò rí ojúlé yìí. Ẹ gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i."

Àwọn tó wà lórí ìlà bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí Ọlọ́run má kà á sí mi lọ́rùn. Ìgbà tó yíjú padà tí mo rí bójú rẹ̀ ṣe rí ni ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni mo fi pín lẹ́tà nílùú yìí. Kò sẹ́ni tí n kò mọ ilé rẹ̀. Ẹni tí n kò bá mọ ilé rẹ̀, mo mọ ilé ọtí tó ń jókòó sí. Ọkùnrin tí mo mọ orúkọ rẹ̀, tí mo mọ orúkọ bàbá rẹ̀, ni ẹ̀rọ wá ń sọ fún pé kò sí níbì kankan. Mo na ọwọ́ kọjá èjìká rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́: Òpópónà Oníṣẹ́ Awọ, Ojúlé Kẹrìnlá. Mo tẹ nọ́ńbà fóònù mi mọ́ ọn. Àǹtí ní, "Ẹ ṣeun."

Ilé wa nìyẹn o. Ìwọ tó ń bá ẹ̀rọ ṣiṣẹ́, sọ fún mi bóyá ó burú. Kọ ọ́ síwèé, má sọ ọ́ lórí fóònù. Ohun tó bá tó sọ, ó tó kọ. Jọ̀wọ́, fi ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn ránṣẹ́, ti ọkùnrin ẹlẹ́sẹ̀ ńlá.

Mo gbàgbé láti sọ ti fóònù. Ó dìgbà mìíràn.

Èmi bàbá rẹ,
Minko Yotov.


Aarhus, Denmark,
22 Oṣù Kọkànlá.

Bàbá mi,

Ẹ kú òtútù, ẹ kú ìrọ́jú. Inú mi dùn pé ara yín le, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí dókítà wo orúnkún yẹn. Òjò ni tiwa níbí, ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán, ní ìrọ̀lẹ́. Iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Wọ́n ti fi mí ṣe olórí àwọn mẹ́fà.

Kí lẹ tẹ ojúlé wa sínú ẹ̀rọ fún? Bàbá, mo mọ̀ pé àánú ló ṣe yín. Ṣùgbọ́n ilé tí ẹ̀yin àti Màmá fi ogún ọdún san ni ẹ kọ orúkọ ẹlòmíì sí yẹn. Ẹ kò mọ ohun tí ìwé lè sọ èèyàn dà.

Ní ti fóònù, mo pè yín lánàá. Obìnrin kan ló gbé e. Mo ní, "Ta nìyẹn?" Ó ní, "Ìwọ ta nìyẹn?" Mo ní ọmọ ẹni tó ni fóònù ni mí. Ó ní, "Ẹni tó ni fóònù ń la igi. Má pẹ́ lórí ìlà, à ń retí nọ́ńbà." Ó sì pa á mọ́ mi létí! Ara mi gbọ̀n. Mo rò pé wọ́n ti jà yín lólè. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pe ọlọ́pàá láti ibí.

Ta ni obìnrin yẹn? Nọ́ńbà kí lẹ ń retí? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gba fóònù yín padà. Ẹ̀yin ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin kọ́ ló yẹ kó máa gbé ẹrù gbogbo ìlú. Ìjọba wà fún ìyẹn. Ẹ wá lo oṣù méjì lọ́dọ̀ mi. Yàrá kan ṣófo, ó sì gbóná.

Mo fi ìbọ̀sẹ̀ ránṣẹ́, méjì-méjì lọ́nà mẹ́fà.

Ọmọ yín,
Ognyan.


Gorna Yasenka,
6 Oṣù Kejìlá, ọjọ́ Nikólà Mímọ́.

Ognyan,

Ìbọ̀sẹ̀ dé, ó sì dára. Ó ti wà lẹ́sẹ̀ èèyàn mẹ́fà báyìí. Mo sun ẹja lónìí gẹ́gẹ́ bí àṣà, ìrẹsì àti àlùbọ́sà wà níkùn rẹ̀. Mo kí ọ kú oríire iṣẹ́. Olórí àwọn mẹ́fà! Èmi náà ti di olórí àwọn mọ́kàndínlógún.

Jókòó, kó o tó bínú.

Obìnrin tó gbé fóònù ni Zafira. Ọdún méjìlélógún ló fi ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ gíláàsì kí wọ́n tó tì í. Inú ahéré àwọn awakọ̀ ní gáréèjì tí wọ́n pa tì ló ń sùn. Nígbà tí Koycho gba ìwé rẹ̀, ó sọ fún un. Òun náà wá kan ilẹ̀kùn mi. Ó dúró síta, kò fẹ́ wọlé, ó ní bàtà òun dọ̀tí. Mo ní bàtà ta ni kò dọ̀tí nínú oṣù yìí? Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn yòókù dé, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú ti gbogbo wọn. Kò sí ọ̀kan tó béèrè pé kí n jẹ́ kóun sùn. Ojúlé nìkan ni wọ́n wá yá.

Fóònù mi ni nọ́ńbà Àǹtí ń wá sí, nítorí náà ẹnìkan gbọ́dọ̀ dúró tì í. Èmi kì í rí lẹ́tà kékeré. Zafira ló ń jókòó lójú fèrèsé ìdáná wa láti aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ dé ọ̀sán. Nọ́ńbà á dé, á kọ ọ́ sórí tákàdá, ẹni tó ni ín á sáré lọ tẹ̀ ẹ́ kí àkókò rẹ̀ tó kọjá. Ohun tí ò ń gbọ́ tó o ń gbọ̀n fún nìyẹn.

O ní ìjọba wà fún ìyẹn. Ọmọ mi, mo lọ sọ́dọ̀ ìjọba. Mo kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì náà. Ẹ̀ṣọ́ kan yọjú, ó ní, "Bàbá, ẹ lọ bá Àǹtí sọ̀rọ̀." Mo ní Àǹtí kò gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Ó ní, "Kò gbọ́ tèmi náà."

O tún ní kí n wá sínú yàrá tó gbóná. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá wá, ta ni yóò ṣílẹ̀kùn? N kì í ṣe arúgbó tí wọ́n ń tàn jẹ. Mo mọ ọ̀lẹ, mo mọ ọ̀mùtí, méjì nínú wọn ń mu ọtí èso bí omi. Ṣùgbọ́n òtútù ń pa ọ̀mùtí pẹ̀lú.

Jẹun dáadáa. Má fi búrẹ́dì tútù ṣe oúnjẹ alẹ́.

Bàbá rẹ.


Aarhus,
13 Oṣù Kejìlá.

Bàbá mi,

Mo kí yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ yìí kíá, nítorí n kò lè sùn.

Mọ́kàndínlógún! Ẹ kò mọ ohun tí ẹ ń ṣe. Èmi mọ̀ ọ́n, nítorí iṣẹ́ mi nìyẹn. N kò ṣàlàyé rẹ̀ fún yín rí, ẹ̀yin náà kò sì béèrè. Ilé iṣẹ́ wa ń kọ́ ẹ̀rọ bí yóò ṣe mọ àwọn oníjìbìtì. Ẹ̀rọ kì í rí ojú èèyàn. Ohun tó ń wò ni pé: orúkọ mélòó ló wà lójúlé kan? Fóònù kan náà ni gbogbo wọn ń lò bí? Bí ó bá ju márùn-ún lọ, ó di pupa. Bí ó bá di pupa, wọ́n á ti gbogbo orúkọ ibẹ̀ pa, títí kan ti onílé. Èmi fúnra mi ti kọ irú òfin bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan níbí, wọ́n sì yìn mí.

Ìgbà tí ẹ kò bá rí igi ìdáná tiyín gbà mọ́, tí wọ́n bá pè yín ní ọ̀daràn lẹ́yìn ọdún mẹ́tàdínlógójì tí ẹ kò sọ lẹ́tà kan nù, ṣé Zafira ni yóò gbà yín sílẹ̀?

Mo fi orúkọ Màmá bẹ̀ yín, ẹ yọ orúkọ wọn. Gbogbo wọn. Kí ẹ yọ ọ́ kó tó di Kérésì. Màá wá ọ̀nà mìíràn láti ràn wọ́n lọ́wọ́, mo ṣèlérí.

Ognyan.


Aarhus,
5 Oṣù Kìíní.

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún. N kò gbọ́ ohùn yín ní Kérésì, n kò gbọ́ ọ ní ọdún tuntun. Mo pe fóònù lẹ́ẹ̀mẹ́tàlélógún. Ó kọ́kọ́ ń dún, lẹ́yìn náà kò dún mọ́. Aládùúgbò òkè sọ fún mi pé ẹ wà láàyè, pé ẹ ń jáde, pé ẹ ń wọlé, kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohùn rẹ̀ kò dùn.

Kí ni mo ṣe? Bí mo bá ṣẹ̀ yín, ẹ bú mi. Ẹ kọ ìlà kan péré.

Ọmọ yín.


Gorna Yasenka,
8 Oṣù Kìíní.

Ognyan,

Mo rí orúkọ rẹ lórí fóònù ní gbogbo ìgbà tó o pè, n kò sì gbé e. Nígbà tó yá, mo pa á. N kò fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ, n kò sì fẹ́ kí o gbọ́ tèmi. Ní báyìí mo lè kọ̀wé.

Mo gbọ́ tìrẹ. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. O fi orúkọ ìyá rẹ bẹ̀ mí, ẹ̀rù bà mí, èmi tí n kì í bẹ̀rù ajá ẹnikẹ́ni nígbà tí mò ń pín lẹ́tà. Ní ogúnjọ́ Oṣù Kejìlá, mo dúró níwájú Àǹtí, mo sì yọ orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúkọ Koycho ni mo kọ́kọ́ yọ. N kò sọ fún un. Mo rò pé màá sọ ọ́ tí a bá ti jẹun Ọjọ́ Àìsùn Kérésì tán.

Mo ti se ẹ̀wà, mo ti ṣe ewé kábéèjì tí a di ìrẹsì sí nínú, mo ti gé búrẹ́dì. Zafira dé, àwọn mẹ́rin mìíràn dé. Koycho kò dé. A dúró títí ẹ̀wà fi tutù. Zafira ní òun kò fẹ́ràn dídúró yìí. A lọ sí ibùdókọ̀.

A bá a lórí bẹ́ǹṣì, ó jókòó gbọọrọ bí ẹni ń retí ọkọ̀. Ó ti bọ́ bàtà ọ̀tún. Ó ní, "Minko, kò dùn mí o. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn." Mo wo ẹsẹ̀ náà. N kò ní ṣàpèjúwe rẹ̀ fún ọ. Ọjọ́ méjì ṣáájú ló ti lọ sọ́sibítù. Wọ́n wo inú kọ̀ǹpútà, wọ́n ní orúkọ rẹ̀ kò sí mọ́, wọ́n ní kó lọ tún un ṣe lọ́dọ̀ Àǹtí. Ó lọ bá Àǹtí. Àǹtí ní, "Ẹ tẹ ojúlé yín." Ó tẹ Ojúlé Kẹrìnlá. Àǹtí ní, "Onílé ti yọ yín kúrò."

Báyìí ló ṣe mọ̀, Ognyan. Ẹnu ẹ̀rọ ló ti gbọ́ pé mo lé òun. Kò sì wá bi mí. Ó ní òun rò pé mo ní ìdí tèmi.

Wọ́n ní kò ní ìwé, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ọsibítù gbé e lálẹ́ yẹn nítorí Zafira dùbúlẹ̀ síwájú táyà rẹ̀. Wọ́n gé ìdajì ẹsẹ̀ náà. Dókítà ní bó bá jẹ́ pé ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá ni wọ́n ti tọ́jú rẹ̀, ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan péré ni ìbá lọ.

N kò sọ pé ìwọ lo gé e. Ọwọ́ mi ló tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ìwọ lo kọ lẹ́tà, àwa méjèèjì la jọ ni ín.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, mo padà sọ́dọ̀ Àǹtí, mo sì dá gbogbo orúkọ padà, mọ́kàndínlógún pé, mo ń pè wọ́n sókè kí gbogbo èèyàn lè gbọ́. Ohun tó o sọ ṣẹlẹ̀ ní kíkún. Wọ́n ti igi ìdáná mi pa. Ìyáàfin Arabova, ọ̀gá ọ́fíìsì ìrànwọ́, wá pẹ̀lú ọlọ́pàá kan. Wọ́n ka bẹ́ẹ̀dì: méjì. Wọ́n ka orúkọ: ogún. Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni Yotov, n kò mọ ohun tí màá kọ sílẹ̀." Mo ní kó kọ ohun tó rí. Wọ́n ti gbé ọ̀rọ̀ mi lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ ìlú. Ọjọ́ kejìlá Oṣù Kejì ni wọn yóò jókòó.

N kò bẹ̀rù mọ́. Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ rèé: kì í ṣe ìbọ̀sẹ̀. Ìwọ mọ bí irú ẹ̀rọ yìí ṣe ń ronú. Kọ ọ́ sílẹ̀, kí o fi orúkọ rẹ sí i, kí a kà á fún wọn. Bí o kò bá lè kọ ọ́, má fèsì lẹ́tà yìí.

Minko Yotov.


Aarhus,
20 Oṣù Kìíní.

Bàbá mi,

Mo ka lẹ́tà yín níbi iṣẹ́, mo sì jáde síta láìwọ kóòtù.

N kò ní àwáwí. Mo rò pé mò ń gbà yín lọ́wọ́ ewu. Mo mọ iye orúkọ tí ń sọ ojúlé di pupa. N kò béèrè lọ́wọ́ ara mi rí pé àwọn wo ni yóò wà lẹ́yìn orúkọ wọ̀nyẹn.

Ọkùnrin kan wà níbí tó máa ń ṣa ìgò òfìfo nítòsí ibùdókọ̀ mi. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Lánàá mo dúró, mo bi í bó ṣe ń rí ìrànwọ́ gbà. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní orí fóònù ni wọ́n ń kọ̀wé sí òun, wọ́n sì ti jí fóònù náà láti ìgbà ooru. Bàbá, ìlú ọlọ́rọ̀ nìyí! Mo ti rò pé ìṣòro Gorna Yasenka ni.

Lẹ́tà fún ìgbìmọ̀ wà nínú àpòòwé yìí. Mo fi orúkọ mi àti iṣẹ́ mi sí i. Mo fi han ọ̀gá mi kí n tó fi ránṣẹ́. Ó ní, "Ṣé o mọ̀ pé ò ń bú iṣẹ́ tó ń bọ́ ọ?" Mo ní mò ń ṣàlàyé rẹ̀ ni. Kò tíì dá mi lóhùn. Kó dáhùn bó ṣe wù ú, mo ní ọwọ́ méjì àti orí kan.

Ẹ má ní kí wọ́n gbé Àǹtí jù nù. Wọn kò ní gbà, ó sì ń ran àwọn mìíràn lọ́wọ́. Ohun méjì ni kí ẹ béèrè. Wọ́n wà nínú lẹ́tà náà. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ohùn rẹ̀ bá dé ẹ̀yìn yàrá kà á.

Ọmọ yín,
Ognyan Yotov.


Gorna Yasenka,
14 Oṣù Kejì, ọjọ́ gígé àjàrà.

Ognyan, ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo sì fi ife wáìnì kan kí ọ. Mo ti gé ẹ̀ka àjàrà ẹ̀yìnkùlé lówùúrọ̀, mo ti da wáìnì sí gbòǹgbò rẹ̀, mo sì ti mu èyí tó kù. Gbọ́ bó ṣe lọ.

Gbọ̀ngàn ìlú kún. Àwọn tèmi jókòó sílà ẹ̀yìn. Olórí ìlú wo ìwé níwájú rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni Yotov, ṣé òótọ́ ni pé ogún èèyàn ń gbé nínú yàrá méjì?"

Mo ní, "Rárá o. Èmi àti Koycho ni à ń gbé ibẹ̀, láti ìgbà tó ti kúrò lọ́sibítù."

"Irọ́ lẹ pa fún ìjọba nígbà náà."

"Ojúlé ni ẹ̀rọ yín béèrè. Ojúlé ni ibi tí lẹ́tà ti lè bá èèyàn. Iṣẹ́ mi ni, mo mọ̀ ọ́n. Lẹ́tà ń bá wọn lọ́dọ̀ mi. Kò béèrè ibi tí wọ́n ń sùn. Ká ní ó béèrè ni, ojú ìbá tì yín láti gbọ́ ìdáhùn."

Àwọn èèyàn kùn. Olórí ìlú lu tábìlì. Mo ní mo ní lẹ́tà kan, ẹni tí yóò kà á sì wà níbí. Koycho dìde lórí ọ̀pá rẹ̀. Wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún un, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ognyan, ká ní o gbọ́ ọ! Àní fèrèsé gbọ̀n.

"Mo jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó ń kọ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní ohun tí yóò máa rò. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kò lé ẹnikẹ́ni padà. Ẹnìkan ló jókòó, ó ń mu kọfí, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé: bí kò bá sí ojúlé, má tẹ̀ síwájú. Ẹni náà ní ilé. Gbogbo ẹni tó jókòó tì í ní ilé. Èmi náà ti kọ irú ìlà bẹ́ẹ̀ rí."

Ibẹ̀ ni Koycho ti dúró díẹ̀. Mo rò pé ó rẹ̀ ẹ́, mo sì ti ń dìde láti dì í mú. Ó tún bẹ̀rẹ̀.

"Nígbà tí orúkọ bá pọ̀ lójúlé kan, a sọ fún ẹ̀rọ pé olè ni. A kò sọ fún un rí pé ó lè jẹ́ àánú. Ohun méjì ni mo bẹ̀ yín fún. Ẹ fi ìlà kan kún un, fún ẹni tí kò ní ojúlé. Kí ẹ sì ṣí fèrèsé kan padà, kí èèyàn kan jókòó síbẹ̀, ẹni tó lè wo ojú èèyàn kó sì sọ pé ẹ̀rọ ti ṣìṣe."

Olórí ìlú wá ní, "Ó dáa. Ojúlé wo ni wọn yóò wá máa lò? Òfin ní kí ojúlé wà."

Ọmọ mi, n kò ronú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó kàn jáde lẹ́nu mi: "Ti ibí yìí. Ojúde Ìlú, Ojúlé Kìíní."

Ọ̀gbẹ́ni kan nínú ìgbìmọ̀ fò dìde. "Kí a sọ gbọ̀ngàn ìlú di ilé àwọn aláìnílé?"

Zafira kígbe láti ẹ̀yìn, "Nígbà ìdìbò, ẹ̀yin lẹ wá sọ fún wa pé ilé gbogbo wa ni!"

Ẹ̀rín gba yàrá. Ìyáàfin Arabova ló wá yà mí lẹ́nu. Ó dìde, ó ní ìgbà mẹ́rin lòun ti kọ̀wé pé kí wọ́n fi fèrèsé kan sílẹ̀ fún òun, kò sì sẹ́ni tó dá òun lóhùn. Wọ́n dìbò: mọ́kànlá gbà, mẹ́jọ kọ̀, àwọn méjì ń wo àjà ilé. Ìwé ìkìlọ̀ ni wọ́n fún èmi. Mo ti fi í sábẹ́ ìkòkò gbígbóná kí tábìlì má bàa jó.

Ojúlé kì í ṣe òrùlé o, mo mọ̀. Yàrá mẹ́fà ló ṣófo lókè gáréèjì yẹn, ti ìlú ni. Zafira ti ka fèrèsé wọn. Ibẹ̀ la ń lọ báyìí.

Inú mi dùn sí ọ. Mo ti tan fóònù mi. Ṣùgbọ́n kọ̀wé sí Koycho kó o tó pè mí. Òun lo jẹ ní gbèsè ọ̀rọ̀, kì í ṣe èmi.

Bàbá rẹ.


Aarhus,
26 Oṣù Kejì.

Sí Ọ̀gbẹ́ni Koycho Ganev,
Ojúde Ìlú, Ojúlé Kìíní, Gorna Yasenka.

Ẹ̀gbọ́n Koycho,

Ẹ kú ewu, ẹ kú ìfaradà. Èmi Ognyan ọmọ Minko ni. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo máa ń rò pé ẹ̀yin lẹ ni gbogbo ọkọ̀ rélùwéè tí ẹ ń pè.

Èmi ni mo kọ̀wé sí bàbá mi pé kó yọ orúkọ yín. Òun kò fẹ́ ẹ. Èmi ló fi agbára mú un. Mo mọ orúkọ yín, mo mọ ohùn yín, síbẹ̀ nọ́ńbà ni mo kà yín sí. Ọ̀gá mi kò lé mi. Ó ní kí n wá bá àwọn olórí ilé iṣẹ́ sọ ohun tí mo kọ fún ìgbìmọ̀ yín, màá sì sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò dá ẹsẹ̀ padà.

Ẹ forí jì mí. N kò ní bínú bí ẹ kò bá fèsì.

Ognyan Yotov.


Gorna Yasenka,
9 Oṣù Kẹta.

Ognyan,

Lẹ́tà rẹ dé. Ọmọbìnrin tó wà ní fèrèsé gbọ̀ngàn ìlú ní kí n fọwọ́ síwèé kí n tó gbà á. Mo ní kó fún mi ní bírò tó ń kọ dáadáa.

O ní kí n forí jì ọ́. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi rò ó. N kò ní pa irọ́ fún ọ: ẹsẹ̀ kò ní hù padà, ó sì máa ń dùn mí níbi tí kò sí mọ́. Bàbá rẹ ti bẹ̀ mí títí ó fi ń sú mi. Mo ní bó bá tún bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀kan sí i, màá padà sí yàrá ẹrù.

Nígbà tí mo ń ka lẹ́tà rẹ níwájú ìgbìmọ̀, mo dé ibi tí o ti kọ ọ́ pé, "Èmi náà ti kọ irú ìlà bẹ́ẹ̀ rí." Mo dúró. Wọ́n rò pé èémí ló tán lára mi. Èémí kọ́. Mo ti mọ̀ ṣáájú ìgbà yẹn pé ìwọ lo ní kí wọ́n yọ mí. Bàbá rẹ ti sọ fún mi lọ́sibítù. Mo di ìwé rẹ lọ́wọ́, gbogbo ìlú ń wò mí, mo sì ń rò ó bóyá kí n fà á ya.

Mo kà á lọ. Gba ìyẹn ní ìdáhùn mi.

Koycho Ganev,
Ojúde Ìlú, Ojúlé Kìíní.